Ẹ Má Fi Ọ̀gànwó Dáná

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo ní ẹjọ́ kan láti rò fún yín. Ẹjọ́ igi ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ igi kò yẹ ìwé tí ó wà fún ìjìnlẹ̀ èdè àti àṣà wa, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó jókòó lé bí ó ti ń ka ìwé yìí, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí nǹkan náà ti wá.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ, igi ọ̀gànwó ńlá kan wà lẹ́bàá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ènìyàn mẹ́ta kò lè so ọwọ́ pọ̀ yí i ká. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń kàwé nígbà tí iná bá lọ, abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́, abẹ́ rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ bá ẹni tí wọ́n padà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìjì dé, ó sì fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Kò pa ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ayùn onípẹtiróò. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, gígùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju apá ènìyàn lọ. Àwọn ìyá tí ń dín àkàrà ra díẹ̀, àwọn alásè ra díẹ̀. Èyí tí ó kù, a dáná sun ún lẹ́yìn ilé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni èéfín rẹ̀ fi ń wọ yàrá wa.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan dé, ó kó tábìlì ìkàwé tuntun wá fún wa láti ilẹ̀ òkèèrè. Pákó tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe pákó. Lẹ́búlẹ́bú igi ni, tí a fi gúlù pò, tí a tẹ̀ mọ́ra, tí a wá lẹ bébà tí a ya àwòrán igi sí mọ́ lójú. Àwọn káfíńtà wa ń pè é ní MDF. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ẹsẹ̀ àwọn tábìlì wọ̀nyí ti mu omi, wọ́n ti wú, bébà ojú wọn ti ṣí, ìṣó sì ti ń jábọ́ nítorí pé kò rí nǹkan gidi dì mú. A kó wọn jù sẹ́yìn ilé, ní ibi tí eérú ọ̀gànwó wà. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi kòrókòró.

Ẹjọ́ mi nìyí: igi tí ìbá sin ọmọ wa àti ọmọ ọmọ wa, a fi í dáná, a wá fi owó ra lẹ́búlẹ́bú igi ẹlòmíràn. Mo ní kò tọ́. Mo ní ìwà ẹni tí ó sọ ọwọ́ ara rẹ̀ nù ni. Mo sì ní àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni a jẹ̀bi jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni ìmọ̀ wà.

N kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó kà á nínú ìwé nìkan. Káfíńtà ni bàbá mi. Tábìlì tí a fi ń jẹun nílé wa, igi ìrókò tí ó wó ní ẹ̀yìnkùlé bàbá tirẹ̀ ni ó fi kàn án, kí a tó bí mi. Lórí tábìlì náà ni ìyá mi ti ń lọ aṣọ, lórí rẹ̀ ni mo ti kọ́ a-b-d, lórí rẹ̀ ni a gbé oúnjẹ àlejò kà ní ọjọ́ tí a sin ìyá àgbà. Ikán ti jẹ àjà ilé wa, ó ti jẹ férémù fèrèsé, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan tábìlì yẹn. Kì í ṣe idán. Oje tí ń bẹ nínú ọkàn igi ìrókò, tí ó ń mú káfíńtà sín bí ó bá ń fá a, wà lára ohun tí ń lé ikán àti olú sá. Igi náà ti gbèjà ara rẹ̀ kí a tó bá a pàdé. Tiwa ni kí a má fi í ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ìtàn kan. Láàfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ilẹ̀kùn kan wà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Ọlọ́wẹ̀ yìí, tí ó kú ní 1938, àwọn ọ̀mọ̀wé kárí ayé ló kà á sí ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó tayọ jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley nílùú London. Nígbà tí àwọn British Museum rí i, wọn kò fẹ́ kí ó padà sílé mọ́. Ògògà kò tà á fún wọn lówó. Ohun tí ó gbà ni pé kí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Títí di òní, ilẹ̀kùn náà wà ní London. N kò dá ọba náà lẹ́bi: ọba kan ń wá ìtẹ́ tí kò sí irú rẹ̀ ní agbègbè rẹ̀, ìjọba ẹlòmíràn sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? Ó ti lé ní 60 ọdún tí a ti gba òmìnira, pàṣípààrọ̀ Ìkẹ́rẹ́ náà ni a ṣì ń ṣe. Ọba yẹn tilẹ̀ sàn jù wá lọ. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣì wà níbi tí ènìyàn lè lọ wò ó. Ọ̀gànwó tiwa ti di èéfín. Ìtẹ́ gidi ni wọ́n fún un. Lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n fún wa.

Nísinsìnyí, mo mọ ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ń sọ. N ó mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní gẹdú inú igbó nìkan ni ó ṣe é fi ṣe àga, pé igi ìgboro kò wúlò. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo Malaysia. Igi rọ́bà ni wọ́n gbìn lọ salalu níbẹ̀. Bí igi rọ́bà bá ti tó nǹkan bí ọdún 25 sí 30, oje rẹ̀ a dínkù, wọn a sì gé e kí wọ́n lè gbin òmíràn. Nígbà kan rí, iná ni wọ́n ń fi igi náà dá, nítorí pé ó funfun, kòkòrò àti olú kì í sì í jẹ́ kí ó pẹ́. Àwọn onímọ̀ wọn jókòó tì í. Wọ́n rí i pé bí a bá tètè là á, tí a jẹ́ kí oògùn bórónì wọ inú rẹ̀, tí a sì gbẹ ẹ́ nínú ilé gbígbóná, ó di pákó gidi. Láti nǹkan bí 1980 síwájú, igi ìdáná yìí ni ó di òpómúléró iṣẹ́ àga ṣíṣe ní Malaysia, tí wọ́n ń kó o lọ tà káàkiri ayé. Ní Íńdíà pẹ̀lú, igi màngòrò tí ó ti darúgbó, tí kò so dáadáa mọ́, wọ́n ń là á, wọ́n ń fi í ṣe tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn òyìnbó ń ra lówó gọbọi. Ṣé màngòrò kò sí ní ẹ̀yìnkùlé wa ni? Ṣé rọ́bà kò sí ní ilẹ̀ Ẹdó, ní Delta àti ní apá kan Òndó? Ẹ wo dóńgóyárò, ẹ wo furúùtù, ẹ wo tíìkì àti ayùnré tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì wa. Bí ìjọba bá ń la ọ̀nà, tí katakata bá sì dà wọ́n lulẹ̀, ta ni ó ń bèèrè wọn?

Wọ́n ní igi tí ìjì dà ti là, ó ti ní ihò, kò mọ́ ní ojú. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ George Nakashima, tí a bí ní 1905, tí ó kú ní 1990. Ará Japan ni àwọn òbí rẹ̀. Ní 1942, nígbà ogun àgbáyé, ìjọba Amẹ́ríkà kó òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn jòjòló sí àgọ́ ìhámọ́ ní Idaho, nítorí ẹ̀yà wọn. Inú àgọ́ yẹn ni ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà káfíńtà ará Japan kan, tí wọ́n ń fi àjákù pákó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó jáde tí ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní New Hope, ní Pennsylvania, igi tí àwọn oníṣòwò pákó kọ̀ nítorí pé ó là tàbí pé ó kún fún kókó, òun ni ó ń rà. Kò fi bébà bo ibi tí ó là. Ó gbẹ́ igi kékeré tí ó rí bí labalábá, ó fi í di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Àwọn tábìlì wọ̀nyẹn wà ní ilé àwọn ọlọ́lá àti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Ẹni tí a fi sí àhámọ́ rí ọlá nínú àjákù. Àwa tí a wà lómìnira rí ìdáná nínú odindi ọ̀gànwó.

Wọ́n ní àwọn káfíńtà wa kò mọ iṣẹ́, pé àga wọn ń ká, ó ń là, ilẹ̀kùn wọn kì í tì. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò sí níbi tí wọ́n fi í sí. Àwa tí a bí Ọlọ́wẹ̀, àwa tí a bí Làmídì Fákẹ́yẹ, a kò lè sọ pé ọwọ́ wa kú. Ohun tí ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni omi. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi inú rẹ̀ lè ju ìdajì ìwọ̀n igi náà lọ lẹ́yìn tí ó bá gbẹ. Bí omi yìí ti ń jáde, igi ń súnkì. Kì í sì í súnkì ní gígùn tó bẹ́ẹ̀, ní ìbú ni. Bí káfíńtà bá ra pákó tútù ní òwúrọ̀, tí ó fi kan kọ́bọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé oníbàárà ń kánjú, inú yàrá oníbàárà ni pákó náà yóò ti parí gbígbẹ rẹ̀, lábẹ́ fáànù, yóò sì ká, yóò sì là. Ìkánjú ni ó ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Àwọn àgbà wa ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀nà àtiṣe rẹ̀ kò sì ṣòro. Bí igi bá ti wó, kí a gé e ní ìtì gígùn, kí a má gé e bí igi ìdáná. Kí a fi ọ̀dà tàbí ìda kun ojú méjèèjì tí ayùn gé, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń sáré jáde, ibẹ̀ ni igi sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kí a tètè gbé e lọ sí sọ́míìlì. Igi funfun bí arère kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró rárá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, olú aláwọ̀ aró a ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tí a bá là á tán, kí a to pákó náà sábẹ́ òrùlé, kí ó má kan ilẹ̀, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dọ́gba la àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, kí a sì gbé ohun wúwo lé e lórí kí ó má baà ká. Kí a fi í sílẹ̀. Ìṣirò àwọn àgbà káfíńtà ni ọdún kan fún ínǹṣì kan. Nígbà tí a bá wá ń kàn án, kí ahọ́n igi wọ ihò igi. Kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó. Kí a má sì kan ojú tábìlì mọ́ ìdí rẹ̀ pinpin. Kí a fún un láyè láti fẹ̀ nígbà òjò, kí ó sì súnkì nígbà ọyẹ́. Gbogbo èyí ni bàbá mi mọ̀, kò sì rí ẹnu ọ̀nà fásitì rí. Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1954. Fásitì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa igbó ní 1963. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Òrùlé tí a ó to pákó sábẹ́ rẹ̀ ni a kò ní, àti sùúrù.

Wọ́n ní àwọn onísọ́míìlì kì í fẹ́ gba igi ìgboro. Òótọ́ ni, wọn kò sì jẹ̀bi. Ìṣó ni ó kún inú rẹ̀. Láti ìgbà ìdìbò dé ìgbà ìsọjí, ara igi ni gbogbo ènìyàn ń kan ìwé ìpolówó mọ́. Igi a dàgbà bo ìṣó náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn 20 ọdún, ayùn olówó ńlá a lọ bá a pàdé, eyín rẹ̀ a sì dà nù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín àwọn olóṣèlú. Ta ni ó kan àwòrán àwọn tí ń du ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ara ọ̀gànwó wa? Èmi náà di òòlù mú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tí ń wá irin wà, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára jù ni kí a ṣíwọ́ ìṣó kíkàn.

Wọ́n ní ó wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ká ní tábìlì onípákó gidi gba owó ìlọ́po mẹ́ta, tí ó sì lo 40 ọdún, tí ti lẹ́búlẹ́bú ń lo ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ọ̀kan yẹn bá fi pé 40 ọdún, a ó ti ra mẹ́wàá nínú èkejì. Ẹni tí ó bá pe owó mẹ́wàá ní kékeré, tí ó pe owó mẹ́ta ní ńlá, kí ó padà lọ sí kíláàsì kejì. Owó mẹ́ta yẹn sì rèé, ọwọ́ agégẹdú, ọwọ́ onísọ́míìlì àti ọwọ́ káfíńtà àdúgbò ni ó ń lọ. Owó mẹ́wàá yẹn ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Wọ́n ní olúwéré ń gbé inú ìrókò. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀rù olúwéré tó bẹ́ẹ̀, ṣé iná ni ó yẹ kí ó tì í bọ̀?

Ó ku ẹjọ́ kan, òun ni ó sì le jù. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa igbó ni ó gbé e kò mí lójú. Ó ní, “Bí ẹ bá jẹ́ kí igi tí ó wó di owó, igi púpọ̀ ni yóò máa wó. Àwọn kan yóò máa fi iná sí ìdí igi lóru, wọn yóò sì sọ lówùúrọ̀ pé ìjì ni.” N kò rí èsì fún un ní ọjọ́ yẹn. Mo lọ rò ó, mo sì gbà pé òótọ́ ni ó sọ. A ti rí i bí a ti pa igbó wa run nítorí gẹdú, tí ìrókò àti ọ̀gànwó ńlá fi di ohun tí a ń wá tì. Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè kò ní dúró láìsí òfin. Èkíní, a kò gbọ́dọ̀ gé igi kankan tí ó ń yè nítorí àga. Èyí tí ó wó fúnra rẹ̀, èyí tí ó kú, àti èyí tí ọ̀nà tàbí ilé lé kúrò nìkan ni. Èkejì, ẹni tí yóò wí pé igi kan ti di eléwu, kò gbọ́dọ̀ ní ìpín kankan nínú pákó rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a ka gbogbo igi ńláńlá tí ó wà nínú ọgbà, kí a kọ wọ́n sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn mọ iye wọn, kí èyí tí ó bá sọnù lè ní ẹni tí yóò dáhùn fún un. Ẹ̀kẹrin, igi kan wó, igi mẹ́ta gbìn.

Lẹ́yìn èyí, kí ọgbà kọ́ òrùlé kan tí a ó máa to pákó sí, kí ó sì gba àgbà káfíńtà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ igbó àti ti iṣẹ́ ọnà yóò máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan ni kí a kọ orúkọ igi náà sí, ibi tí ó dúró sí, àti ọdún tí ó wó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò dé ní 50 ọdún sí i yóò yí àga rẹ̀ dojú dé, yóò sì kà pé: ọ̀gànwó, ẹ̀gbẹ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, ọdún báyìí. Ìtàn ni ìyẹn, àṣà sì ni. Ẹgbẹ́ wa ń sunkún lójoojúmọ́ pé èdè wa ń kú. Èwo nínú wa ni ó lè dárúkọ igi mẹ́wàá nínú ọgbà yìí ní Yorùbá? Ohun tí a kò bá lò mọ́, a kì í mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ni, kí ìjọba kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ gbé. Èyí tí ó wà lókè ni èyí tí ó wà nínú ọgbà tiwa, tí kò gba àṣẹ Abuja.

Mo ti rò tèmi. Igi ọ̀gànwó kejì ṣì dúró níbẹ̀, ní apá kejì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti ń tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ọ̀nà. Òjò ọdún yìí kò ní pẹ́ dé. Ẹ̀yin ni adájọ́: ní ọjọ́ tí ó bá wó, ṣé tábìlì ni a ó pè é ni, àbí ìdáná?